Ìlà Tí Wọn Kò Kà

Èmi ni mo fi ohùn Ṣìfáwù lé wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ tó mọ irú ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń péjọ sábẹ́ igi kajú ní gbogbo Ọjọ́rú báyìí láti gbọ́ olórin, akọni lẹ máa ń pè mí. Ẹ ní èmi ni mo já Bàbá Kẹ́mi sí ìhòòhò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó gbọ́ èyí náà.

Kò tíì pẹ́ rárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọdún kẹfà ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń wí, n kò ní dárúkọ rẹ̀; àárín Ṣakí àti Ìséyìn ló wà. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, mo sì lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti sípíkà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìséyìn. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà mí láti máa tọ́jú ẹ̀rọ rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Yàrá kékeré kan ni, fóòmù ibùsùn la fi bo ògiri rẹ̀, òpó irin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé ohùn dé Àgọ́-Àrẹ. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, a máa ń dé Ogbooro.

Ṣìfáwù ló dá ètò Ọjọ́rú sílẹ̀. Ọmọ Ìwéré-Ilé ni, àwọn òbí rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́ àti kajú, òun sì wà ní ọdún kejì, òun náà sì ń ta gìtá, ó ń kọrin. Ó ní orin àwọn ará Èkó ti kún gbogbo rédíò, kí tiwa jẹ́ ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, olórin á dúró sábẹ́ igi kajú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á yí i ká, èmi á fa wáyà gba ojú fèrèsé, orin á sì máa lọ sórí afẹ́fẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Ọlọ́kadà kan wá láti Ogbooro tó fi wáyà bíréèkì rọ́pò okùn gìtá rẹ̀ tó já. Ahunṣọ kan wá láti Ìséyìn, orin tó ń kọ nídìí òfì ló wá kọ fún wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé òfì náà ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé wọn jáde rí. Àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ wọn lóko lórí fóònù.

Àṣà kan wà nínú yàrá wa. Kí a tó gbé máìkì jáde, a ní láti dán an wò, ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta dán an wò. Ṣìfáwù ní ìyẹn dà bí ìgbà tí èèyàn pàdé àna rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka eyín rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ la fi ń dán an wò. Ẹni tó fẹ́ kọrin á kọ́kọ́ fi orin kúkúrú bú ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀, a ó rẹ́rìn-ín, èmi á sì fi ìyẹn wọn ohùn. Wọ́n ti fi etí mi tó tóbi bú mi títí tí èmi náà fi mọ̀ ọ́n lórin. Òfin ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìdánwò, inú yàrá ló ń sùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní Ìséyìn ti kọ́ mi pé kí n máa gba ohùn sílẹ̀ látìgbà tí máìkì bá ti ṣí, nítorí ibi tí èèyàn kò retí ni nǹkan gidi ti ń jáde. Nítorí náà gbogbo ẹ̀fẹ̀ wọ̀nyẹn wà nínú kọ̀ǹpútà mi. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yan olórí rédíò. Kò sí ìwé ìdìbò. Àwọn tó ń du ipò á dúró lórí pápá, ẹni tó bá fẹ́ wọn á tò sẹ́yìn wọn, wọ́n á ka ìlà. Lọ́dún yẹn Ṣìfáwù jáde. Ẹni tó bá a du ú ni Gbólá, ọmọ Àgọ́-Àrẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá Gbólá ni Bàbá Kẹ́mi, ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ọgbà ló mọ ohun tí wọ́n ń wá. Olóṣèlú kan ló fẹ́ kí wọ́n máa fi wákàtí Ọjọ́rú yẹn yin òun títí ìbò ìjọba yóò fi dé, Bàbá Kẹ́mi sì ti ṣèlérí fún un. Bí Gbólá bá wọlé, kò sí olórin lábẹ́ igi kajú mọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a tò ni Bàbá Kẹ́mi wá bá mi nínú yàrá ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àga Ṣìfáwù, ó sì pè mí ní Ẹnjiníà. Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun fẹ́ràn ohùn ọmọbìnrin yẹn, òun fẹ́ kí ọ̀gá àgbà gbọ́ ọ, bóyá wọ́n á ra òpó tó ga ju tiwa lọ. Ó ní kí n fún òun ní gbogbo rẹ̀, kí n má yọ nǹkan kan. Mo dà á sínú fláàṣì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo tún ń dúpẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo péré ló fi rà mí.

Lọ́jọ́ ìbò, ìlà Ṣìfáwù gùn débi pé ó yí ẹ̀rọ omi ká, ó ṣẹ́rí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Gbólá lẹ́yìn. Ìlà Gbólá, ojú kan ni èèyàn fi lè kà á. A ń dúró kí wọ́n kà wá. Bàbá Kẹ́mi gba máìkì, kò ka ẹnì kankan. Ó ní kí a kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan. Láti inú sípíkà tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ láàárọ̀ ni ohùn Ṣìfáwù ti jáde:

Bàbá Kẹ́mi, alágbádá ńlá,
agbádá rẹ ń gbálẹ̀ pápá,
kò gbálẹ̀ ṣáláńgá wa.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ṣáláńgá ẹlẹ́gbin tó ń wí. Ẹ̀rín náà ló tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bàbá Kẹ́mi ní ẹni tó ń bú àgbà kò lè ṣe olórí ẹnikẹ́ni. Ó ní Gbólá ti wọlé, kí Ṣìfáwù sì lọ sílé fún ọdún kan, kó lọ gba ẹ̀kọ́ ilé.

Ṣìfáwù kò sunkún. Ó yíjú sí ìlà rẹ̀.

"Ẹ má tú," ó ní. "Tí wọn ò bá kà yín, ẹ má tú."

Báyìí ni ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. A ò fọ́ fèrèsé, a ò dáná sun táyà. A kàn tò ni. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tò, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun tàbí tó fẹ́ kírun á fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ láyè rẹ̀. Ọlọ́kadà Ogbooro àti ahunṣọ Ìséyìn wá, wọ́n ń kọrin lọ, wọ́n ń kọrin bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà láìsí máìkì. Èmi náà tò. Mo tò sẹ́yìn ẹni tí mo tà, mo sì ń pariwo ju gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ẹ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú kóńdó. Wọ́n lù wá tú. Ọ̀kan nínú wọn gba gìtá mọ́ Ṣìfáwù lọ́wọ́, ó wo ojú Bàbá Kẹ́mi, Bàbá Kẹ́mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ṣọ́ náà sì fọ́ gìtá náà mọ́ ara igi kajú. Mo ṣa èèkàn kan nílẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí a fi ń fa okùn rẹ̀ le. Ó wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè dé: ta ló gbé ọ̀rọ̀ ìdánwò jáde? Àwa méjì la ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ, èmi àti Múfú. Múfú ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ètò náà, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni bíi ti Gbólá, ohun tó sì kó bá a nìyẹn. Lójú gbogbo wa ni Ṣìfáwù ti bi í lábẹ́ igi kajú.

"Múfú, ìwọ ni?"

"Kì í ṣe èmi."

"Ọwọ́ àwọn ará ilé yín ni ohùn náà wà. Ta ló wá fún wọn?"

Múfú yíjú wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn mí. Bí ẹni tó ń dúró de nǹkan ló ṣe wò mí. Ó mọ̀. Ó pàdé Bàbá Kẹ́mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ó tilẹ̀ fi Ẹnjiníà yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo wo ilẹ̀. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó ní, "Kì í ṣe èmi ṣá," ó sì ń lọ. Àwọn èèyàn ń ju ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Èmi náà ju tèmi.

"Ará Àgọ́-Àrẹ," mo ní, "bá wa kí wọn nílé o."

Ẹ̀bi tó yẹ kó máa jẹ mí, mo sọ ọ́ di ìbínú sí Bàbá Kẹ́mi. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. N kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bá Gbólá ṣiṣẹ́, mò ń tẹ bọ́tìnì fún orin ìyìn olóṣèlú wọn ní gbogbo Ọjọ́rú, mò ń kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, mo sì ń dúró. Bí mo bá ti rí agbádá yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, màá fọwọ́ kan èèkàn inú àpò mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ìbò olórí rédíò mìíràn ṣe ń bọ̀, Bàbá Kẹ́mi ní òun fẹ́ wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, lórí ìwà ọmọlúàbí. Ẹ gbọ́ ná, ìwà ọmọlúàbí. Kó tó dé, mo ti yọ gílóòbù pupa tó máa ń tàn bí máìkì bá ti wà lórí afẹ́fẹ́. Sípíkà inú yàrá kì í dún nígbà tí máìkì bá ṣí, kí ohùn má baà dà rú. Èyí tó wà lábẹ́ igi kajú nìkan ló ń dún. Gbólá ti lọ bu omi wá fún un. Mo pa orin tó ń lọ lọ́wọ́, mo sì ti ọ̀pá kékeré tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde sókè dé òpin.

Ó bi mí bóyá ó ti ṣí.

"Ìdánwò la ṣì ń ṣe, bàbá. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí n wọn ohùn yín."

Ó ní kí ni kí òun sọ.

"Ẹ sọ ti ìbò èṣí. Ìlà ta ló gùn jù gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé Àgọ́-Àrẹ.

"Ìwọ náà ò lójú ni? Ìlà ọmọbìnrin Ìwéré yẹn yí ẹ̀rọ omi po. Ìdí tí n ò fi kà á nìyẹn. Tí mo bá kà á, ó ti wọlé."

"Àwọn tó tò ńkọ́, bàbá?"

"Ewúrẹ́ náà máa ń tò. Ẹni tó bá ti mú ewé dání ni wọ́n ń tò tẹ̀ lé."

N kò gbọ́ nǹkan kan láti ìta, ṣùgbọ́n mò ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi kajú ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Adùn tó wọ inú mi, n kò ní purọ́ fún yín, oyin kò tó o. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, èmi sì fẹ́ kí tirẹ̀ máa sọ lọ.

"Ṣùgbọ́n mi ò dá a ṣe," ó ní. "Bí kì í bá ṣe fláàṣì tí—"

Ọwọ́ mi fa ọ̀pá náà wálẹ̀. N kò rò ó; ọwọ́ ti rò ó fún mi. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ìyókù: "tí ìwọ Ẹnjiníà fún mi, tí o tún ń dúpẹ́." Inú yàrá ni ìyẹn sùn sí.

Gbólá ló sáré dé, tó ń lu gíláàsì fèrèsé, omi ti dà sí i lára. Bàbá Kẹ́mi wò ó, ó wo gílóòbù tí kò sí, ó wá wò mí.

"A ò tíì bẹ̀rẹ̀, bàbá," mo ní. "Ìdánwò nìyẹn."

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò láti ìsàlẹ̀ pápá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá àgbà, láìsí ẹni tó pè wọ́n. Ọ̀gá àgbà ní kí Bàbá Kẹ́mi lọ sinmi nílé. Gbólá kúrò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka ìlà sókè ketekete lórí rédíò, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ olúkúlùkù tó ń du ipò ló ń kà á, Ọjọ́rú sì padà sọ́wọ́ olórin. Ohun tí ẹ bá níbẹ̀ lónìí nìyẹn. A jà fún un, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín.

Wọ́n kọ̀wé sí Ṣìfáwù pé kó padà wá. Kò wá. Ó ń ra kajú ní Ìwéré-Ilé. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ọjà, á kọrin, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí máìkì, á dákẹ́. Ó ní òun kò tún ní dán máìkì kankan wò láyé òun.

Bàbá Kẹ́mi máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe kọjá báyìí. Bí mo bá ti rí i, màá fi orin Ṣìfáwù sí ẹ̀rọ, màá gbé e sókè:

Ọ̀nà Ìwéré, má gbé mi mì,
ẹrù mi kò tíì dé ọjà.

Á tẹ orí mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ní kó tó gẹ́ẹ́, pé ó ti darúgbó. Mo gbọ́. N kò tíì yó. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ yẹn padà fún mi, màá tún yọ gílóòbù yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Kẹ́mi ní òun kò dá a ṣe, tí mo gé ohùn rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló fi orúkọ Múfú parí gbólóhùn náà fún un. Ohun tó ti jẹ́ ìfura tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀rí. Mo gbẹ̀san fún gbogbo ọgbà, mo sì fi kan Múfú mọ́gi.

Múfú ń wa bọ́ọ̀sì Ìwéré-Ilé sí Ṣakí báyìí. Lọ́jọ́ kan mo wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí Ṣìfáwù gbé ẹrù kajú wá síbùdókọ̀. Ó rí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun á dúró de èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Múfú kò bínú. Ó gbójú sókè wò mí nínú dígí, bó ṣe wò mí lábẹ́ igi kajú lọ́jọ́ kìíní. Mo tún wo ilẹ̀.

Ọ̀pá tí mo fà wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ń lọ sórí afẹ́fẹ́ nìkan ló gé. Kọ̀ǹpútà gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí látìgbà tí máìkì bá ti ṣí ni mo ti máa ń gbà á. Ohùn náà wà nínú fláàṣì kan lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú Ẹnjiníà nínú rẹ̀. Mo ti kọ ìwé yìí, mo sì ti sọ òótọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé ni mo ti ba orúkọ Múfú jẹ́. Lábẹ́ igi kajú ni, lójú gbogbo èèyàn. Gbèsè gbólóhùn kan ni mo jẹ ẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti jẹ ẹ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti san án, lórí máìkì tó ṣí.