Ìṣẹ́jú Márùn-ún Ọ̀yọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Òórùn ògì bàbà tó hó kọjá etí abọ́, tó sì ń gbẹ mọ́ inú ẹ̀rọ, kò tíì kúrò nímú mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wá lo ọlidé nílé Àǹtí Rísì, àbúrò ìyá mi tó lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé makirowéèfù ò pọ̀ nílùú nígbà náà. Àmọ́ ọ̀kan wà nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́. Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Oníbàárà kan gbé e wá, kò padà wá gbà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi ń mú ògì àná gbóná nínú rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán.

Àǹtí ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Múbárákù ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ń fi ebi ké. Mo gbé ògì rẹ̀ sínú makirowéèfù tiwọn, mo tẹ márùn-ún bíi tilé wa. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ògì ti ya sílẹ̀. Mo nu abọ́, mo rò ó. Etí abọ́ náà, tó jẹ́ ike, ò jó mi lọ́wọ́, mo sì rò pé ògì ò gbóná jù.

Àǹtí ké sí mi láti ẹ̀yìn: "Ìyá Ọ̀yọ́, ṣé o ti kán an sẹ́yìn ọwọ́ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

N kò kán nǹkan kan. Mo gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, mo bu ṣíbí kan. Ó ti lanu, ó ń fa ọwọ́ mi mọ́ra. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá mi ti sọ sí mi lọ́kàn: "Má bi aago, ìkòkò ni kó o bi." Mo yí ṣíbí padà sẹ́nu ara mi. Ahọ́n mi bó. Mo figbe ta, ọmọ náà sì gbè é.

Àǹtí sáré wọlé, ọṣẹ lọ́wọ́. Ẹnu ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó wo tèmi. Wọn ò nà mí. Wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí mi, wọ́n ní kí n kà á. Ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹgbẹ̀ta ni tiwa l'Ọ́yọ̀ọ́.

"Márùn-ún tiyín, mẹ́ta ni níbí. Bó o bá sì dín agbára rẹ̀ kù sí ìdajì, ìṣẹ́jú rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ò ṣòroó kọ́. 'Bẹ́ẹ̀ ni' tó o dá mi lóhùn yẹn ló bà mí lẹ́rù."

Múbárákù ti di bàbá ọmọ báyìí, nítòsí àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Nígbà tí mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí, mo yí ẹ̀yìn makirowéèfù rẹ̀ wò kí n tó gbé ògì ọmọ sí i. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá ògì ti ṣeé fún ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ọjọ́sí ì bá ti dáhùn kíá. Èmi kán an sẹ́yìn ọwọ́, mo dúró díẹ̀, kí n tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.