Ìdọ̀bálẹ̀ Adéolú Kò Pa Fídíò Rẹ́

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Olúbùsọ́lá ń ya fídíò ìhòòhò ara rẹ̀ nílé bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ní Ramsbottom, nílùú Òyìnbó níbí, ó sì ń tà á. Ìyá Tóyìn, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa, ló pè mí lórí fóònù. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ mi ò lè sọ pé mi ò gbà á gbọ́ rárá, torí ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì rí aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ àlùkò tí Bùsọ́lá máa ń wọ̀ lọ tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Tóyìn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi arábìnrin yìí sínú àdúrà."

Èmi náà fi í sínú àdúrà. Mo fi í ránṣẹ́ sí obìnrin mẹ́ta tí mo mọ̀ pé àdúrà wọn máa ń gbà. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mẹ́ta yẹn ṣe di ọgbọ̀n kí ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Bùsọ́lá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yàrá kan ló ń gbé ní Newton Heath, àdúgbò kan náà pẹ̀lú mi. Tíṣà ni nílé. Níbí, láago márùn-ún ìdájí ló ti ń jáde lọ wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, dé Bury, yóò tún wọ bọ́ọ̀sì, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tó ń wẹ̀ fún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá wá sọ̀rọ̀, ẹ óò mọ̀ pé láti Bury ló ti ń rò ó bọ̀. Nínú ìjọ, òun ló ń to àga, òun náà ló ń kó o. Adéolú, tó ń kàwé, tó ń gbé ní Fallowfield, ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àwọn ẹbí méjèèjì ti mọ ara wọn nílé. Ní oṣù kejì ọdún yìí, Bùsọ́lá ní òun ò ṣe mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Inú bí wa pé kò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ti fídíò, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó dìde, kò jókòó.

"Màmá Ayọ̀mikún, ṣé ẹ rí i?"

Mo ní, "Kí ni?"

"Màmá."

Mo ní mo rí i.

"Ẹ tún un wò."

"Kí n tún kí ni wò? Olúwa má jẹ̀ẹ́!"

"Ojú mi nìkan ni kẹ́ ẹ wò. Ṣé mò ń wo ẹnikẹ́ni?"

Mo fi ọwọ́ bo ìyókù, mo wo ojú rẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ náà ò wo kámẹ́rà. Ó ń wá nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kùn bí ìyá àgbà.

Ó ní, "Ìbọ̀sẹ̀ mi ẹyọ kan ni mò ń wá. Mi ò tíì rí i dòní. Yàrá Adéolú nìyẹn, ó fi fóònù pamọ́ sáàárín ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń ya ara ẹ̀ tà, ṣé ìbọ̀sẹ̀ ló máa máa wá?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ojú sì ń tì mí.

"Ta lẹ fi í ránṣẹ́ sí, Màmá?"

"Fún àdúrà ni o."

"Mo mọ̀. Àdúrà ni gbogbo yín fi í ránṣẹ́ fún. Mi ò rí ìhòòhò tí wọ́n gbàdúrà fún tó báyìí rí." Ó wá sọ fún mi pé òun ti lọ bá ọlọ́pàá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Theresa ló ń bójú tó ẹjọ́ náà. "Ó ní tẹ́ ẹ bá fi irú fídíò yẹn ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ gbà, ó lòdì sófin. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dójú tì mí. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé, ṣé Bùsọ́lá gbà?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lọ. Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, tí mi ò wọ àgọ́ ọlọ́pàá rí, mo jókòó síwájú Theresa bí ọmọ iléèwé tó jí ẹran jẹ, mo dárúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí mi, mo dárúkọ àwọn mẹ́ta tèmi. Ó kìlọ̀ fún mi. Mo dúpẹ́, mo lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ Akínwálé pè wá sí yàrá tí a ń kó àga sí. Adéolú wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù. Ìyá Tóyìn wà níbẹ̀. Bùsọ́lá wọ aṣọ iṣẹ́ wá, torí ó máa lọ síṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kó lọ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ò ṣẹjọ́ mọ́.

Kí Pásítọ̀ tó parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, Adéolú ti na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Bùsọ́lá, jọ̀ọ́. Inú ló bí mi. Iṣẹ́ èṣù ni."

Láàárín wa, ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ lójú àgbà, àgbà á ní ó tó, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á ní òun ti gbọ́. Ìyá Tóyìn tiẹ̀ ti gbé Fáńtà tá a máa fi parí ìjà wá nínú báàgì.

"Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin," ló wí. "Kí ló tún kù?"

Bùsọ́lá ní, "Fídíò ló kù, mà. Ó wà lórí fóònù yín."

Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, físà ọmọkùnrin yìí wà nínú ewu. Ó ku oṣù mẹ́ta kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀."

"Èmi náà, físà ni mo fi wà níbí, sà. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní ṣé òótọ́ ni pé mò ń bọ́ra nílé bàbá tí mò ń tọ́jú. Ó dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi? Ìwé ọlọ́pàá ló dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwé yẹn náà lẹ ní kí n lọ fà ya?"

Adéolú gbé ojú sókè láti ilẹ̀. "Bùsọ́lá, ẹ̀yìn ti ń dùn mí."

"Dìde. Èmi kọ́ ni mo ní kó o sùn síbẹ̀."

Mo fi ìwé orin bo ẹnu mi.

Ìyá Tóyìn ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Àwa tá a fi í ránṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó àwa àgbà ni?"

Mo ní, "Ìyá Tóyìn, èmi ti lọ sọ tèmi. Kò pa mí." Ó wò mí bí ẹni tí mo yọ ẹran nínú ìkòkò rẹ̀.

Bùsọ́lá ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Mo ti dárí jì í, sà. Nínú tíráàmù, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sunkún, mo sì dárí jì í. Àárín èmi àti Ọlọ́run nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá ò ní kúrò níbi tó wà."

"Olúbùsọ́lá," Pásítọ̀ na ìka sókè, "jókòó. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́, orúkọ ìjọ yìí..."

Bùsọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn, eékún méjèèjì, kò dín nǹkan kan kù. Ó yí ẹsẹ̀ Adéolú ká kó má baà dá a kọjá. Ó ní, "Bàbá tí mò ń tọ́jú kì í jẹun tí mi ò bá dé. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, sà."

Pásítọ̀ ṣì wà lórí àkọ́kọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé.