Ohun Tí Wọ́n Ní Pásítọ̀ Sọ

Wọ́n ń sọ káàkiri Títírú, àdúgbò wa, pé mo tako ẹ̀bùn Ẹ̀mí Mímọ́. Irọ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò ti ní ìtìjú, èmi náà yóò sọ tèmi.

Olùkọ́ Faransé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nàìjíríà ni pásítọ̀ wa ti wá. Yorùbá ló fi ń wàásù, kò sì gbọ́ Faransé kọjá ìkíni àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ìjọ kò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá sọ gbólóhùn kan, màá sọ ọ́ ní Faransé, mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ kúrò níbẹ̀. Ọlọ́run fún àwọn kan ní ẹ̀bùn ìwòsàn. Ahọ́n tí kì í purọ́ ló fún èmi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àdúrà gbóná, pásítọ̀ bọ́ sí èdè àjèjì, èdè Ẹ̀mí. Ó fọ̀ ọ́ títí òógùn fi bò ó, ó wá kọjú sí mi.

"Màmá, ẹ túmọ̀ fún wọn."

"Pásítọ̀, mi ò gbọ́ ọ."

Ó rò pé etí mi ló wúwo. Ó tún un fọ̀, ó pariwo sí i. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Etí mi ò di o," ni mo wí. "Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo lè túmọ̀. Èyí tí mi ò gbọ́, mi ò ní hùmọ̀ rẹ̀."

Olórí akọrin obìnrin fò dìde. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo míkró tí mo fi ń sọ̀rọ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja yíyan.

"Ìwé ti pọ̀ jù lórí màmá wa! Ẹ gbé e wá."

Ó já míkró gbà lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Faransé: Olúwa wí pé kí obìnrin tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tó wé gèlè pupa, padà sílé ọkọ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Mo mọ ọmọbìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti lù ú títí eyín iwájú fi yọ, ó sì sá wá sùn nínú yàrá tí ìjọ ń kó àga sí. Àbúrò olórí akọrin yìí, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ọkọ náà. Olórí akọrin ti bẹ ọmọ náà kó padà, ọmọ náà kọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ó wá sọ ọ́ di ohùn Olúwa.

Nígbà tí ìsìn parí, mo bá ọmọ náà tó ń di ẹrù rẹ̀, tó ń sunkún. Kò gbọ́ Yorùbá rárá.

"Màmá, Ọlọ́run ló gba ẹnu pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi kọ̀?"

Mo fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, tó ń mu omi lórí pẹpẹ.

"Pásítọ̀, kí ló dé tí ẹ ní kí ọmọ yìí padà sílé ọkọ tó yọ ọ́ léyín?"

"Èmi kẹ̀? Ìgbà wo?"

"Nínú ìsìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí. Ohun tí wọ́n fi Faransé sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹ wí nìyẹn."

Ó wo olórí akọrin. Ìyẹn ń to ìwé orin jọ, kò gbójú sókè.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

"Kí lẹ wá sọ?"

Ó gbé omi rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹ̀mí ló mọ̀."

Mo yíjú sí ọmọ náà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń túmọ̀ ìwàásù: pásítọ̀ ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra òun ò sì mọ ohun tí òun sọ. Ọmọ náà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí.

"Màmá, ṣé ilé yín jìnnà?"

"Kò jìnnà."

Ilé mi ló wà di òní, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Wọn ò dá míkró padà fún mi. Wọ́n ní mo dójú ti ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Olórí akọrin ló ń túmọ̀ báyìí. Kì í kí mi, èmi náà kì í kí i. Ìjókòó iwájú ni mo máa ń jókòó sí, kí n lè gbọ́ gbogbo ohun tó bá fi kún un.