Ẹni Tó Kọ́kọ́ Rí Ọmọ Ọmọ Mi

Ilé wa ní Ìgàndó níbí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ̀ ọ́. Tí fóònù bá dún, kó o tó ní o fẹ́ kí èèyàn, ó ti já. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi lẹ́yìnkùlé nìkan ló ti máa ń gbọ́ díẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì dé òdìkejì títì, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n lọ. Ilé tó kọjú sí wa ni wáyà ọ̀hún wọ̀. Ará Èkìtì kan ló ń gbébẹ̀, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Èèyàn dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó mi máa ń gbé fóònù ẹ̀ lọ síbẹ̀, kó lè rí ojú ọmọ wa tó wà ní Kánádà. Ìwọ tó ò ń kọ ọ́ yìí, àbúrò ìyá ẹ ni mò ń sọ. Èmi kì í lọ. Màá jókòó sí bàráńdà, màá máa gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin yẹn. Dádì lọmọ mi ń pè é. Bàbá ló ń pe èmi.

Ìyàwó ọmọ yẹn wá bí ọkùnrin. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, lórí fóònù. Orúkọ ti wà nínú mi látìgbà tí wọ́n ti lóyún ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi ní, "Bàbá, ẹ dìde ká lọ sọ́hùn-ún."

Mo ní, "Mi ò lọ. Ilé mi ni kó pè mí sí."

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ táǹkì lẹ ti fẹ́ sọmọ lórúkọ ni?"

Ó pòṣé, ó lọ.

Fóònù mi dún. Mo sáré lọ sídìí táǹkì.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́, gbogbo wa ti ń retí."

Mo sọ ọ́.

"Bàbá, a ò gbọ́ o!"

Mo fi igbe sọ ọ́. Àwọn ayálégbé yọrí lójú fèrèsé. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn ṣá, àfi Kánádà. Ló bá já.

Mo wá ń gbọ́ ohùn ọmọ mi ketekete láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ lórúkọ, pásítọ̀ ti ń wo aago."

Ọkùnrin náà ní, "Èmi kẹ̀? Bàbá ẹ ń bẹ láàyè, o ní kí n sọ ọ́ lórúkọ? Ẹ ní sùúrù jàre, ó ń bọ̀."

Mo sọdá títì tèmi ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé fóònù sí mi lójú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ọmọ náà nìyẹn. Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wo iwájú orí ẹ̀, tiyín ni."

Ó ti wò ó títí, ó ti mọ ibi tó ti jọ mí kí n tó rí i.

Mo sọ orúkọ náà. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ń pè é tẹ̀lé mi. Àmín ọkùnrin yẹn ló ròkè jù.

Nígbà tá a ń bọ̀ nílé, mo bi ìyàwó mi pé ìgbà wo ló ti ń rí ọmọ yìí.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni. Tíṣà yẹn ló tiẹ̀ pè mí pé kí n wá wò ó."

Mo ní ó dáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ṣì ń wá bàtà nígbà tí mo kan géètì ọkùnrin náà.