Aṣọ Pẹpẹ Tí Mo Sá Lọ́jọ́ Tí Kò Yẹ

Nígbà tí mo kéré, tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, òfin kan wà nílé wa tí ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí London yìí máa fi rẹ́rìn-ín: a kò gbọdọ̀ sá aṣọ funfun síta. Aṣọ aláwọ̀ lè wà lórí okùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ funfun, inú yàrá la ti ń sá a. A ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a ó fi kọ́ ojú fèrèsé, omi á sì máa kán sórí ẹní tí a fẹ́ sùn.

Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ní Sọ́ńdè tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kí n bá wọn di kíláàsì àwọn ọmọdé mú. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, òkè ṣọ́ọ̀bù onírun kan nítòsí Rye Lane ló wà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, bí àwọn aláṣẹ Róòmù ṣe ń dọdẹ wọn, tí wọ́n fi ń pàdé ní bòńkẹ́lẹ́, tí ẹnì kan á fi ìka ya ẹja sílẹ̀ kí ẹnì kejì lè mọ̀ pé ará ni. Àwọn ọmọ ń kun ẹja wọn. Ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ gbé ojú sókè, ó ní, "Aunty, but why ni wọn ò kàn call police?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ.

Ìlú kan ní Òkè Ọya ni wọ́n bí mi sí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn èèyàn wa ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi débẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, ìjọ kékeré, nínú ilé kan tí wọ́n fi páànù bò. Àárín àwọn Mùsùlùmí là ń gbé, a ń jẹun wọn lọ́jọ́ Iléyá, àwọn náà ń jẹ tiwa nígbà Kérésìmesì. Ìyá àgbà kan, Yorùbá bíi tiwa, ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa nínú agbo ilé. Òun ni olórí àwọn obìnrin Mùsùlùmí àdúgbò, Ìyá Àdínì ni gbogbo wa ń pè é. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ìjà òun àti ìyá mi. Á ní, "Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí, ṣé etí Ọlọ́run yín di ni, tí ẹ fi ń lu irin sí i létí?" Ìyá mi á dáhùn pé, "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń pè é láfẹ̀mọ́júmọ́ ńkọ́, ṣé ó ti lọ sí ìrìn-àjò ni?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, Ìyá Àdínì á sì ní kí n wá bá òun fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Lọ́dún kan, ìjà dé. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ náà. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti pé ọkùnrin tó máa ń lu agogo fún wa kò jáde níbẹ̀. Aṣọ pẹpẹ nìkan ló yọ. Ọkùnrin náà ló jù ú gba ojú fèrèsé kí òrùlé tó wó. Ìyá mi kó o sínú àpótí wa: aṣọ funfun tó ní àgbélébùú tí wọ́n fi òwú yẹ́lò kọ sí àárín.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò kìlọ̀ pé kí onígbàgbọ́ kankan má pàdé mọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà Sọ́ńdè sùkúù, sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé àwọn àkọ́kọ́ náà ò ní ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá ni wọ́n ń lò. Ó ní, "Àwọn ní ẹja. Àwa náà á ní tiwa." Bí àmì wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ìsìn bá kan ilé kan, ìyàwó ilé á sá aṣọ funfun kan ṣoṣo síwájú ìta. Ará ìjọ tó bá kọjá tó rí i á lọ mú sùtánà rẹ̀ wá, á fi nǹkan bò ó mọ́ abíyá, wọ́n á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò bá sí aṣọ, ẹ má yà. Ẹ wá rí ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ ṣèèṣì sá funfun.

Lọ́sẹ̀ kan, a gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ náà ń káàkiri pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n ń wá ibi tí à ń pàdé. Bàbá mi sọ fún wa nílé pé kò sí ìsìn lọ́sẹ̀ yẹn rárá. Ní Tọ́sìdeè, ó lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi lọ sọ́jà, ó ku èmi nìkan nílé. Mo ṣí àpótí, mo yọ aṣọ pẹpẹ, mo fi bo orí, mo di ìyàwó. Ìyàwó náà wá ń jẹun. Ọbẹ̀ ẹ̀pa dà sí i lára.

Ẹ̀rù ẹgba ló gbà mí lọ́kàn, kì í ṣe ẹ̀rù ìlú. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Bí mo bá sá a sínú yàrá, ìyá mi á bá a ní tútù. Mo wò ó pé oòrùn ọ̀sán yìí, kíá ló máa gbẹ ẹ́. Mo sá a síta, mo yí ojú àgbélébùú sí ògiri, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Obìnrin kan tó ń ta òwú ló kọ́kọ́ wọlé. "Ẹ kú ilé o. Mo rí aṣọ." Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí àwa aláṣọ funfun ṣe máa ń ṣe, ó wọ sùtánà, ó kúnlẹ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé kò sí ìsìn, wọ́n á bi mí pé ta ló sá aṣọ. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Ẹnì kejì dé, ẹ̀kẹta dé, Bàbá Wòlíì ìjọ wa dé. Wọ́n pé mọ́kànlá, èmi sì ń kí gbogbo wọn káàbọ̀.

Ìyá mi wọlé láti ọjà, ó rí bàtà tó tò lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì gbé agbọ̀n kalẹ̀ tí a fi gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ náà ní ìkòríta. Ìyá Àdínì ló jáde síta. Ó wo ẹsẹ̀ bàtà, ó wo okùn, ó sì já aṣọ náà lulẹ̀.

"Gbogbo yín, ẹ bọ́ sí yàrá mi. Ẹ kó bàtà yín! Ẹ tò ó síbẹ̀, kí ó tò dáadáa. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ṣí fìlà yẹn, ẹ gba ìborùn. Bàbá, ẹ gba tẹ̀sùbáà yìí, ẹ má lù ú bí agogo o!"

Ẹ rí i, aṣọ funfun ni àwọn náà ń wọ̀ sí àsàlátù wọn, wọ́n sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi tiwa. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà dé, èèyàn mọ́kànlá ló jókòó sórí ẹní tí wọ́n tẹrí ba, Ìyá Àdínì sì jókòó sí iwájú lórí aṣọ kan tó ká ní ìlọ́po mẹ́rin.

Èdè Haúsá ni wọ́n fi bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe. Òun náà fi Haúsá dáhùn pé, "Ṣé ojú yín ti fọ́ ni? Ẹ ò rí aṣọ funfun? Àsàlátù wa ni." Ọ̀kan ní wọ́n rí aṣọ kan lórí okùn láti òkèèrè. Ìyá Àdínì ní, "Tèmi ni. Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi ká a? Ìyá rẹ mọ̀ mí. Ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ̀bí rẹ, o sì fi igi wá kí mi?" Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. Wọ́n tọrọ gáfárà, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àdínì fa aṣọ pẹpẹ yọ lábẹ́ ara rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi. "Ẹ má bínú, ìyàwó mi. Mo jókòó lórí nǹkan Ọlọ́run yín." Ìyá mi ń sunkún. Ó ní, "Ìyá, ìsìn tí a ṣe lónìí nìyẹn." Bàbá Wòlíì ṣì ń yí tẹ̀sùbáà, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní Sáàmù ni òun ń kà. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ẹ̀rín àwọn tí kò yẹ kí wọ́n ṣì wà láyé. Mo jẹ́wọ́. Ìyá Àdínì ní wọn ò gbọdọ̀ nà mí: "Ọmọ tó fọ aṣọ láìrán an níṣẹ́, ẹ fẹ́ nà án?"

Kò ju oṣù méjì lọ tí a fi túká. Obìnrin olówùú yẹn lọ sí Ìlọrin, ó dá ìjọ sílẹ̀ nínú yàrá. Àwa lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ Bàbá Wòlíì ló dé Peckham, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ èyí tí ẹ̀ ń wá yìí. Bàbá mi máa ń sọ pé bó ṣe rí fún àwọn àkọ́kọ́ náà nìyẹn: àwọn tó lé wọn ló bá wọn gbé ìròyìn náà kiri.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. A ní pátákó gàgàrà lójú títì, à ń lu agogo, ẹni tó sì ń yọ wá lẹ́nu kò ju kánsù lọ, nítorí ariwo. Síbẹ̀, láti ọdún tí mo ti dé fúláàtì mi, orí rédíétọ̀, irin tó ń mú ilé móoru, ni mo ń sá sùtánà sí. Ògiri ti dúdú fún ọ̀rinrin. Kánsù kọ lẹ́tà pé kí n yé sá aṣọ sínú ilé. Aládùúgbò mi, Mùsùlùmí tó ń lọ mọ́ṣáláṣí ní gbogbo Jímọ̀, kan ilẹ̀kùn mi ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì tí mo bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Aunty, oòrùn London yọ, inú ilé lẹ ṣì ń sá aṣọ sí? Ẹ kó o wá, àyè wà lórí okùn mi."

Mo kó o lọ. Jàlámíà funfun ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, mo sá sùtánà mi tẹ̀ lé e. Mo padà sílé, mo gbé àga síbi fèrèsé, mo ń ṣọ́ ọ títí ó fi gbẹ. Bọ́ọ̀sì ń kọjá, àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀, èèyàn ń gbé ẹrù Rye Lane lọ sílé. Kò sí ẹnì kan tó gbé ojú sókè wò ó. Inú mi dùn.