Òsì Ni Ti Verna

Lọ́jọ́ tí Orval Tveit fi ìdí ọkọ̀-ilé rẹ̀ wó ògiri ilé ìfọṣọ wa, ère igi kan ló bá jà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó na ìka sí i lójú.

"Mo wo ọwọ́ rẹ, o ní kí n máa bọ̀! Ṣé àyè nìyí?"

Darlene Kosek, aládùúgbò rẹ̀, yọ jáde láti inú ilé ìfọṣọ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. "Orval, ta lò ń bá jà?"

"Ìyàwó mi ni."

"Igi mà nìyẹn, bàbá yìí!"

"Abájọ tí kò fi dá mi lóhùn."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Létí odò tó pààlà Texas àti Mẹ́síkò yìí, àwa arúgbó tó ń sá fún yìnyín lọ́dọọdún la kún inú ọgbà tí a ń gbé ọkọ̀-ilé wa sí. Bí ọkọ̀ bá dé, ọkọ á máa fi ẹ̀yìn wà á wọ àyè rẹ̀, ìyàwó á dúró lẹ́yìn, á máa juwọ́ sí i. Ìjà ńlá ló máa ń dá sílẹ̀. Àwa tó kù á gbé àga jáde, a ó máa wòran.

Orval àti Verna nìkan ni kì í jà. Òsì ni Verna máa ń dúró sí, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti lè rí i nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, pẹ̀lú fìlà koríko àti ìbọ̀wọ́ pupa. Àmọ́ Verna kú ní North Dakota. Nígbà tí òtútù dé, Orval nìkan ló wá. Ó dá ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ dígí òsì, kò sì mira títí oòrùn fi kan àtàrí.

Darlene lọ bá a. "Jẹ́ kí n juwọ́ fún ọ."

"Rárá o. Ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́gi. Ó fi fìlà Verna dé igi lórí, ó wọ ìbọ̀wọ́ sí i lọ́wọ́, ó so okùn mọ́ apá rẹ̀ wá sójú fèrèsé ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á fa okùn, ọwọ́ á gbé sókè, á wá pariwo pé, "Mo ti rí i, Verna!" Bí ògiri ilé ìfọṣọ ṣe lọ nìyẹn.

Hector Zamarripa tó ń bójú tó ọgbà kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Don Orval," ló fi ọ̀wọ̀ pè é, "ẹlẹ́mìí ni kó máa juwọ́ fún yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má padà wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, torí kò sí ẹnì kankan tó ń dúró dè é ní North Dakota mọ́. Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, àga méjì ló ń gbé síta, òun nìkan ló sì ń jẹ tamale rẹ̀, oúnjẹ àgbàdo Mẹ́síkò tí wọ́n ń fi ewé dì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó, á ní àga ti lẹ́ni. Ó dá wà débi tó fi ń dun àwa tó ń wò ó.

"Igi kan kì í dágbó ṣe, Orval," ni Darlene wí fún un.



Nígbà tó tún padà dé lọ́dún kejì, ó gbé ère rẹ̀ dúró sí òsì, ó sì wọnú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló yọrí síta lójú fèrèsé. "Darlene! Wá dúró sí ọ̀tún. Òsì ti lẹ́ni."

Darlene sáré dé. "Yà sí ọ̀tún!"

"Verna ní kí n yà sí òsì!"

"Ṣebí ìwọ lò ń fa okùn ọ̀hún!"

Wọ́n jà títí ọkọ̀ fi wọlé. Nígbà tó gbé àga jáde nírọ̀lẹ́, mẹ́ta ni.

Orval kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Àyè rẹ̀ ṣófo, kò sì sẹ́ni tó ń bá igi jà mọ́. A ò mọ̀ pé àárò ariwo ọkùnrin kan lè sọni tó báyìí.

Lánàá, àlejò kan ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ wọlé, Darlene ń juwọ́ sí i láti ọ̀tún. Ọkùnrin náà yọrí síta. "Ìyáàfin, ẹ bọ́ sí òsì, mi ò rí yín dáadáa!"

"Òsì ti lẹ́ni," ni Darlene dáhùn. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ti di méjì níbẹ̀ báyìí. Máa bọ̀, àyè ṣì wà."