Ẹsẹ̀ Tí Ń Wọ́ Nílẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Ilé alámọ̀ ni ilé wa ní Beyerúnkà, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lára. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Púpọ̀ nínú àwọn yàrá náà ló ti ṣófo, nítorí àwọn ọmọ ti kó lọ sí Òkè-Àdó àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní agbedeméjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, níwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ni wọ́n sin ọkọ wa sí. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ga díẹ̀ ju ti ìyókù lọ, ó sì ń dán, nítorí èmi àti ìyálé mi kì í jẹ́ kí eruku pẹ́ lórí rẹ̀.

Bí a bá ń lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbẹ́ sàréè náà la máa ń gbà. Bí a bá ti dé ibẹ̀, a ó kúnlẹ̀, a ó ní, “Ẹ kúulé o,” a ó dìde, a ó máa bá tiwa lọ. Ẹnikẹ́ni kò pa á láṣẹ fún wa. Nígbà tí àwọn tó wá ṣe àdúrà fídáù lọ tán, ìyálé mi ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì tẹ̀lé e. Ìyàwó kì í kọjá lára ọkọ láìkí i. Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn.

“Ìyàwó” ni ìyálé mi ń pè mí. Èmi tí ọmọ-ọmọ mi ti wọlé ọkọ, “Ìyàwó” náà ló ń pè mí. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, òun ló bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun ló sì fi ibi tí ìkòkò wà hàn mí. A ti bínú sí ara wa rí, a ti bá ara wa yodì rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ lọ, ó ku àwa méjì nínú ilé tó tóbi bẹ́ẹ̀, ìbínú náà ò rí ibi dúró sí mọ́. Èmi ń ta kànìnkànìn, okùn àti ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba. Òun ti fi ọjà sílẹ̀, ó ń ṣọ́ ilé.

Ní òwúrọ̀ kan, ó jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣe àlùwàlá, ni búùtà bá bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Omi dà sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo ní, “Ìyálé mi, kí ló dé?” Ó la ẹnu, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò padà tán. Nígbà tó délé, gbogbo ìdílé ló ń wá gbé e. Wọ́n ń gbé e lọ síbi ìwẹ̀, wọ́n ń gbé e bọ̀. Bí ó bá fẹ́ na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan á ní, “Ẹ sinmi, Ìyá, kí la wà fún?” Ní ilé tiwa, bí àgbàlagbà bá ń ṣàìsàn tí ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, àwọn ará àdúgbò á ní ẹ kò bọ̀wọ̀ fún un.

Níbi tí a ti ń lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni dókítà obìnrin kan ti bá wa sọ̀rọ̀. Ọmọdé ni, ojú rẹ̀ tutù.

“Màmá, ìwádìí là ń ṣe,” ó ní. “A fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí egungun àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá bá jà.”

“Egungun kọ́ ló ń ṣe mí,” ìyálé mi dáhùn. “Ẹsẹ̀ ni.”

“Inú ẹsẹ̀ náà legungun wà, Màmá.”

“Ó dáa. Ṣé ẹ máa dá a padà fún mi?”

Dókítà náà jókòó tì í. “N kò ní purọ́ fún yín. Ìwádìí yàtọ̀ sí ìtọ́jú. Ohun tí a bá rí lára yín, ó lè jẹ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa ṣe láǹfààní jù. Ṣùgbọ́n a ó kọ́ yín ní ìrìn.”

Ìyálé mi wojú mi. “Ìyàwó, eléyìí ò purọ́ fún wa. Jẹ́ kí wọ́n wò ó.”

Wọ́n ya fọ́tò egungun itan rẹ̀ méjèèjì, dókítà sì fi hàn wá lójú ẹ̀rọ. Ti ọ̀tún funfun, ó kún. Ti òsì dà bí èéfín tó fẹ́ tú ká. Ẹ̀rù bà mí láti wò ó. Ó jọ pé ẹsẹ̀ náà ti ń lọ síbi tí ìyókù ara kò tíì mọ̀.

Dókítà ní egungun ń fẹ́ kí a máa gbé ìwúwo ara lé òun. Ó ní bí ènìyàn kò bá fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ mọ́, ara á rò pé a kò nílò rẹ̀, á sì máa kó egungun ibẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, “Bíi yàrá tí ẹnìkan ò sùn mọ́.”

Ó wò mí.

“Ilé alámọ̀ la ń gbé,” mo ní. “Yàrá tí ènìyàn ń sùn kì í tètè wó. Èyí tí a bá tì pa ni òjò ń kọ́kọ́ rí.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣubú o. Ẹ̀gbẹ́ tí kò lágbára ni wọ́n máa ṣubú sí, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni egungun ti fẹ́lẹ́.”

“Tó bá wá ṣẹ́ ńkọ́?” ìyálé mi bi í.

Àwa méjèèjì mọ ìdáhùn. A mọ obìnrin kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Kò dìde mọ́. Ibùsùn jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú un. Nínú takisí tí a wọ̀ padà, bí a ṣe dé Bẹẹrẹ ni ìyálé mi pè mí.

“Ìyàwó.”

“Ìyálé mi.”

“Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ ilé yìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé mi kiri inú rẹ̀ bí ẹrù.”

Báyìí ni ìrìn ṣe bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà kan igi mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lè máa dì í mú, wọ́n sì fún un ní ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Bí mo bá ń di ọṣẹ nínú yàrá, mo ń gbọ́ ọ. Ọ̀pá á dún kó, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e, wọ́ọ́. Kó, wọ́ọ́. Kó, wọ́ọ́. Nígbà tó bá dé agbedeméjì, á dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń kúnlẹ̀.

Kíkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣòro, dídìde rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á fi ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ mọ́ igi, gbogbo ara á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ òsì á máa wá ibi tí yóò tẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó yẹ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́, bí kò bá ṣe pé mo ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ni ì bá gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Mo pe baálé wa, ọmọ àbúrò ọkọ wa, pé kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó sì ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òkú ò mọ̀ bóyá a kí òun tàbí a ò kí òun. Alfa gan-an ò fẹ́ ìkúnlẹ̀ yẹn.”

“Ẹ̀yin lẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni?” ìyálé mi bi í. Baálé wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí a padà wá kí wọ́n tún wo bó ṣe ń rìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà nílé ìwòsàn náà, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ní kó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ó bẹ̀rẹ̀. Kó, wọ́ọ́. Kó, wọ́ọ́. Inú dókítà dùn, mo rí i lójú rẹ̀. Ìyálé mi dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó dúró. Ó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Dókítà sáré gbá a mú. “Màmá, ṣé òòyì ń kọ́ yín ni?”

“Rárá. Mò ń kí ọkọ mi ni.”

Dókítà bojú wẹ̀yìn. Èmi náà wò. N kò rí nǹkan kan, àfi ilẹ̀ mímọ́ àti bẹ́ǹṣì tí ẹnìkan ò jókòó lé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ ìyálé mi, kò purọ́ fún mi rí.

Mo ṣàlàyé fún dókítà bí ilé wa ṣe rí. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí ìyálé mi bá ń kúnlẹ̀ tó sì ń dìde bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ṣubú. “Màmá, ṣé ẹ ò lè máa kí i lórí ìdúró?”

Ìyálé mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi rín in. “Wọn ò tíì gbé ìwọ wọlé ọkọ ni.”

“Wọ́n ti gbé mi, Màmá.”

“Ilé ọkọ oníwèé nìyẹn.”

Nígbà tí a délé, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun ń lọ sẹ́yìnkùlé. Mo tẹ̀lé e. Bó ṣe ku díẹ̀ kó dé ẹ̀gbẹ́ sàréè, mo kọjá sí iwájú rẹ̀. “Ẹ dúró, Ìyálé mi.” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kúulé o.” Mo dìde. Mo tún kúnlẹ̀. Mo ní, “Eléyìí kì í ṣe tèmi. Ìyálé mi ló ní kí n kí yín. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n.” Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, èmi ni mò ń jẹ́ iṣẹ́ ìyálé mi. N kò rí ìdí tí èyí fi ní láti yàtọ̀.

Ó dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ orí, ó ń fetí sílẹ̀. Ó pẹ́.

“Wọ́n dáhùn?” mo bi í.

“Wọ́n dáhùn.”

“Kí ni wọ́n ní?”

“Wọ́n ní ìgbà wo lo di ìyálé.”

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó kọjá.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ń rìn, á pè mí, màá wá kúnlẹ̀ nípò rẹ̀, á sì máa lọ. Bí mo bá wà l'Ọ́jà'ba, á jókòó dè mí. Nígbà tí wọ́n tún ya fọ́tò egungun rẹ̀, dókítà ní ti òsì kò kún, ṣùgbọ́n kò dín sí i. Ìyálé mi ní ó tó bẹ́ẹ̀. Kò ṣubú. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ó jẹun alẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Àfi ìgbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí sàréè tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n tó tún gbé e, ìyẹn ni ìrìn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Dókítà náà wá kí mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò egungun tèmi náà. Mo lọ. Ó ní egungun mi ṣì le fún ọjọ́ orí mi, ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń ta ọṣẹ. N kò sọ ìyókù.

Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi, mo fi aṣọ bò ó. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, tí oòrùn bá ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí ilé sì dákẹ́, mò ń gbọ́ ọ. Kó, wọ́ọ́. Kó, wọ́ọ́. Á rìn dé agbedeméjì, á dúró. Mo ti gbìyànjú láti jókòó kí n má dá a lóhùn. Kò lọ. Ó kàn ń dúró dè mí níbẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá pẹ́ lọ́jà. Màá wá fi ọṣẹ sílẹ̀, màá fọ ọwọ́, màá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá kúnlẹ̀, màá dìde. Màá tún kúnlẹ̀. Orúnkún mi ń dún báyìí.

Nígbà náà ni ẹsẹ̀ náà tó ń kọjá lára mi lọ sẹ́yìnkùlé.